Little Richard Rèé: Ìtàn Àwo Orin 12 Tí Kò Tó Ọgbọ̀n Ìṣẹ́jú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ bí. Ọ̀rọ̀ àwo orin àtijọ́ kan ni mo gbé wá lónìí. Ó máa gùn díẹ̀ o. Ẹni tó bá ní gúgúrú lọ́wọ́, kó máa jẹ ẹ́ bọ̀.

Oṣù kẹta ọdún 1957 ni iléeṣẹ́ Specialty Records ní Los Angeles gbé álíbọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ Little Richard jáde. Here's Little Richard ni wọ́n pè é. Ní èdè tiwa, "Little Richard rèé." Orin 12 ló wà nínú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ kò sì tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ lè gbọ́ ọ tán kí ìrẹsì tó jiná.

Ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Kí àwo yìí tó jáde, mẹ́rin nínú orin 12 náà ti wà lórí álíbọ́ọ̀mù ẹlòmíì. Elvis Presley kọ "Tutti Frutti" sórí álíbọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ tiẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1956. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, ó tún kó "Rip It Up", "Long Tall Sally" àti "Ready Teddy" sórí èkejì. Àwo Elvis méjèèjì ló dé ipò kìíní lórí àtẹ Billboard.

Ti ẹni tó kọ́kọ́ kọ orin wọ̀nyẹn ńkọ́? Ipò 13.

Ìdí nìyẹn tí orúkọ àwo yìí fi dùn mọ́ mi nínú. Kò jọ orúkọ àwo lójú mi mọ́. Ó jọ ìgbà tí èèyàn dé òde àríyá, tó bá ẹlòmíì lórí àga ẹ̀, tó wọ aṣọ ẹ̀, tó ń gba owó ìnáwó ẹ̀. Kí lèèyàn máa sọ? "Èmi gan-an rèé o."

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Mi ò sọ pé olè ni Elvis. Títún orin ẹlòmíì kọ wọ́pọ̀ nígbà náà, òfin gbà á láàyè, Elvis fúnra ẹ̀ sì fẹ́ràn Richard dáadáa. Ohun tí mo fẹ́ ká wò ni pé orin ṣe é gbà lọ́wọ́ èèyàn, ohùn kò ṣe é gbà. Àwo yìí ni ibi tí ohùn náà jókòó sí, pẹ̀lú ojú ẹni tó ni ín.

Ojú yẹn gan-an! Ẹ lọ wo àwòrán ara páálí ẹ̀. Kò sí ẹ̀wù ọ̀ṣọ́, kò sí ẹ̀rín músẹ́ bíi ti àwọn olórin ìgbà yẹn. Ojú nìkan ni, ó súnmọ́ wa bí ẹni pé ó fẹ́ já jáde, ẹnu là gbàgà, òógùn lójú. Ẹ ti ń gbọ́ igbe kí ẹ tó gbé àwo sórí ẹ̀rọ.

Ta ni ọkùnrin náà? Richard Wayne Penniman, ọmọ Macon ní ìpínlẹ̀ Georgia. Ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá 1932 ni wọ́n bí i, òun sì ni ìkẹta nínú ọmọ 12. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́ orin. Ní 1947, nígbà tó wà lọ́mọ 14, Sister Rosetta Tharpe wá ṣeré ní Macon. Obìnrin yìí, orin ẹ̀mí ló ń kọ, ṣùgbọ́n bó ṣe ń fa gítà, àwọn onírọ́ọ̀kì tó dé lẹ́yìn ẹ̀, ọmọ ẹ̀ ni gbogbo wọn. Ó gbọ́ tí ọmọ náà ń kọrin kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ló bá ní kó wá bá òun ṣí eré. Ó sanwó fún un pẹ̀lú. Ó tán o. Ọmọ tó bá ti gba owó orin lọ́mọ 14, ṣé ẹ tún fẹ́ kó lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà?

Kò dé ibẹ̀ kíá ṣá. Ó ṣe àwo fún RCA ní 1951, ó ṣe fún iléeṣẹ́ Peacock ní Houston lẹ́yìn náà, kò sí èyí tó ta. Ní 1952, wọ́n yìnbọn pa bàbá ẹ̀. Ilé dọ̀bálẹ̀. Richard lọ ń fọ abọ́ ní ibùdókọ̀ Greyhound ní Macon. Ẹ mú abọ́ yẹn lọ́wọ́ o, a ṣì máa padà sídìí ẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1955, Lloyd Price, tó ti lórúkọ lábẹ́ Specialty nígbà náà, gbà á nímọ̀ràn kó fi téèpù orin ẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Ó fi í ránṣẹ́. Ó dúró. Ó pè wọ́n. Ó dúró. Ó tún pè wọ́n. Oṣù lé oṣù. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi orin ránṣẹ́ sí àwọn elétò rédíò, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.) Nígbẹ̀yìn, Bumps Blackwell, tó ń bá Art Rupe, ọ̀gá Specialty, ṣiṣẹ́, gbọ́ nǹkan kan nínú téèpù náà. Ẹni tó máa bá Ray Charles figagbága ni Blackwell ń wá.

Wọ́n fi ìpàdé sí New Orleans, ọjọ́ 13 àti 14 oṣù kẹsàn-án 1955. Richard jẹ́ ọmọ ọdún 22.

Sítúdíò wo? Ẹ má rò pé ibi ńlá ni. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni. Cosimo Matassa ló ni ín, J&M ni wọ́n ń pè é. Níwájú, wọ́n ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn, wọ́n ń gba orin sílẹ̀. Kò sí pé ká gba ohùn lónìí, ká wá fi ìlù sí i lọ́la, ká fi kọ̀ǹpútà tún un ṣe lọ́tùn-únla. Gbogbo wọn ló wà nínú yàrá kan, wọ́n ń lù ú pọ̀, ẹ̀rọ sì ń gbà á. Bí ẹnì kan bá ṣì í, gbogbo wọn á padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọmọdé nínú iṣẹ́ náà: Earl Palmer nídìí ìlù, Lee Allen àti Red Tyler pẹ̀lú saxophone, Frank Fields nídìí báàsì, Huey Smith nídìí dùùrù. Àwọn èèyàn wọ̀nyí ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ orin tó ti New Orleans jáde nígbà náà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ò dùn rárá. Irun Richard ga lórí bí òkìtì, aṣọ ẹ̀ ń pariwo, ṣùgbọ́n nígbà tó la ẹnu, ohùn náà ò jọ ẹni tó wọ aṣọ yẹn. Ó ń kọrin jẹ́jẹ́, ó ń ṣọ́ra. Owó sítúdíò ń lọ. Blackwell ò mọ ohun tó máa gbé padà lọ bá Art Rupe.

Ló bá di pé wọ́n lọ sinmi ní Dew Drop Inn. Ibẹ̀ làwọn olórin dúdú ti ń jẹun, tí wọ́n ti ń sùn, tí wọ́n ti ń ṣeré, torí òfin ìyàsọ́tọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n wọ òtẹ́ẹ̀lì òyìnbó. Dùùrù wà níbẹ̀. Èrò wà níbẹ̀. Richard rí dùùrù, ó rí èrò, ara ẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó bú sí igbe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu dùùrù bí ẹni tí dùùrù jẹ ní gbèsè.

Blackwell dìde dúró. Ohùn tó ń wá láti àárọ̀ rèé!

Ìṣòro kan péré ló wà. Orin ilé ọtí ni orin náà. Ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, èèyàn ò lè kọ ọ́ níwájú ìyá ẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti rédíò. Wọ́n ránṣẹ́ pe ọmọbìnrin kan tó ń kọ ọ̀rọ̀ orin, Dorothy LaBostrie, kó wá fọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ojú wá ń ti Richard láti kọ ọ́ sétí ọmọbìnrin náà. Bí Blackwell ṣe ròyìn ẹ̀, ńṣe ni Richard kọjú sí ògiri kó tó lè kọ ọ́.

Nígbà tí LaBostrie fi máa parí ọ̀rọ̀ tuntun, ìṣẹ́jú bíi 15 ló kù fún wọn ní sítúdíò. Kò sáyè láti kọ́ Huey Smith bí orin náà ṣe ń lọ. Richard fúnra ẹ̀ jókòó sídìí dùùrù. Wọ́n gbà á lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n parí. Bí "Tutti Frutti" ṣe délé ayé nìyẹn, orin tó ṣí àwo yìí.

Ó yá, ẹ gbé abọ́ yẹn wá. Igbe tí orin náà fi bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe èdè kankan. Richard máa ń sọ pé ìdí abọ́ ní Greyhound lòun ti kọ́ ọ: bí abọ́ bá ti pọ̀ jù, tóun ò sì lè sọ ohun tó wà nínú òun fún ọ̀gá, igbe yẹn lòun máa ń ké. Ẹni tó bá ti rí ọmọ Àyàn rí, tó ń fi ẹnu pe ìlù kó tó fi kọ̀ǹgọ́ kàn án, kò nílò àlàyé. Richard ń fi ẹnu lu ìlù kí onílù tó wọlé ni.

Ẹ jẹ́ ká dúró sídìí ìlù náà díẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà fún èmi.

Orin dúdú Amẹ́ríkà tó gbòde nígbà náà, ìlù ẹ̀ máa ń tiro. Gígùn, kúkurú, gígùn, kúkurú, bí ẹni tó ń fi yangàn rìn lọ sóde. Shuffle ni wọ́n ń pè é. Earl Palmer mọ̀ ọ́n lù dójú àmì. Láti kékeré ló ti ń jó ijó ẹsẹ̀ lórí ìtàgé, ìlù wà lára ẹ̀ kó tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún Richard lórí dùùrù kì í tiro. Dọ́gbadọ́gba ló ń lọ, kíákíá, bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù.

Palmer sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé Richard ló sún òun kúrò nínú ìlù atiro yẹn: kò sí bóun ṣe lè máa tiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń sáré báyẹn. Díẹ̀díẹ̀, ìlù náà nà. Ẹ fi íápíìsì sétí, kí ẹ gbọ́ "Tutti Frutti", kí ẹ wá gbọ́ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní 1956. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹ máa gbọ́ tí àwọn kan ṣì ń tiro, tí dùùrù ti sá lọ. Ìjà díẹ̀ wà láàárín wọn, ìjà yẹn ló ń mú ẹsẹ̀ wa mì. Ìlù tó nà yẹn ni gbogbo onírọ́ọ̀kì jókòó lé títí dòní, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì mọ orúkọ Earl Palmer.

Kí n fi ọ̀rọ̀ kan há àárín. Igun North Rampart àti Dumaine ni sítúdíò yẹn wà. Lódìkejì títì Rampart, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ níbẹ̀, ni Congo Square wà, gbàgede tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà ti máa ń péjọ lọ́jọ́ Àìkú láti lùlù, kí wọ́n sì jó. Mi ò ní sọ fún yín pé ìlù Yorùbá ló wà nínú "Tutti Frutti" o. Irú ọ̀rọ̀ báyẹn ti pọ̀ jù lórí ayélujára wa. Oríṣiríṣi èèyàn ni wọ́n kó lọ síbẹ̀, láti Senegal títí dé Congo. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ irú ilẹ̀ tí ilé náà dúró sí.

Ó dáa. "Tutti Frutti" jáde, ó sì ta. Àtẹ méjì ló wà nígbà náà: ọ̀kan fún orin gbogbogbòò, ìyẹn tàwọn òyìnbó ká má purọ́, èkejì fún orin aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n ń pè ní R&B. Kó tó di 1949, "race records" ni Billboard ń pe irú orin bẹ́ẹ̀, orin ẹ̀yà. Lórí àtẹ R&B, "Tutti Frutti" dé ipò kejì. Lórí ti gbogbogbòò, kó tó gòkè dáadáa, Pat Boone ti dé.

Ta ni Pat Boone? Ọmọkùnrin òyìnbó, onírun jẹ́jẹ́, oníbàtà funfun. Ó tún "Tutti Frutti" kọ, ó tún fọ ọ̀rọ̀ tí LaBostrie ti fọ tẹ́lẹ̀. Àwọn rédíò tí kì í gbé orin dúdú gbé tiẹ̀. Àwo ẹ̀ ga ju ti Richard lọ lórí àtẹ. Ẹ wá gbọ́ méjèèjì tẹ̀léra o, ẹ jọ̀ọ́. Ti Pat Boone dà bí ẹni tó ń ka ìwé oògùn.

Richard máa ń sọ ọ́ pé àwọn ọmọ òyìnbó á gbé àwo Pat Boone sórí tábìlì kí ìyá wọn rí i, wọ́n á sì fi tòun pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Ó ń fi ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n owó ò sí nínú ẹ̀fẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1956, wọ́n padà sí New Orleans. Lọ́tẹ̀ yìí, Blackwell ti mọ irú ayé tí wọ́n wà. "Long Tall Sally" ni wọ́n fẹ́ gbà sílẹ̀. Ó ní kí Richard máa kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ kíá, kíá, kó tún yára sí i, títí ahọ́n ẹ̀ fi mọ́ ọn. Kí nìdí? Kí Pat Boone má lè bá a. Àní, wọ́n kọ orin náà bí ìgbà téèyàn ń fi kọ́kọ́rọ́ ti ilé!

Boone tún gbìyànjú ẹ̀ ṣá. Ipò 8 ló dé. Richard dé ipò 6, ó sì gba ipò kìíní lórí àtẹ R&B. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí onílé máa borí àlejò.

Nǹkan mìíràn tún ń ṣẹlẹ̀ ní gbọ̀ngàn eré. Ní gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń ya èrò sọ́tọ̀: funfun lókè, dúdú nísàlẹ̀, tàbí kí wọ́n ta okùn sáàárín. Àwọn tó bá Richard rìn kiri sọ pé bí eré bá fi máa parí, àwọn tòkè á ti sọ̀kalẹ̀, gbogbo wọn á ti dà pọ̀. Kò sí ẹni tó ṣe ìwàásù fún wọn. Ọkùnrin kan tó lẹ́ tìróò, tó di irun rọ̀gọ̀dọ̀, ló gun orí dùùrù.

Àwo náà gan-an wá ńkọ́? Kì í ṣe gbogbo orin 12 ló jẹ́ iná. "Miss Ann" àti "Can't Believe You Wanna Leave" rọra ń lọ, blues ni wọ́n, ibẹ̀ lẹ máa gbọ́ pé ọmọ yìí mọ orin kọ, kì í ṣe ariwo nìkan. "Baby" ò ṣe mí ní nǹkan kan, kí n má purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n "Ready Teddy" ńkọ́! Ó bẹ̀rẹ̀ tí ìlù dákẹ́, tí ohùn nìkan ń fò láàárín àlàfo, tí gbogbo wọn wá já wọlé pọ̀. "Jenny Jenny" ńkọ́, tí ẹ máa rò pé èémí ọkùnrin náà fẹ́ẹ̀ tán kí orin tó parí? Lee Allen sì máa ń wọlé pẹ̀lú saxophone ẹ̀ lẹ́yìn tí Richard bá ké "wúù" gígùn kan. "Wúù" yẹn ti inú ṣọ́ọ̀ṣì wá, lọ́dọ̀ àwọn obìnrin akọrin ẹ̀mí bíi Marion Williams.

Ọ̀rọ̀ owó dé. Ìdajì sẹ́ǹtì ni Richard ń gbà lórí àwo kan tó bá tà. Kì í ṣe sẹ́ǹtì kan, ìdajì. Ẹ̀tọ́ "Tutti Frutti" sì wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé orin tí Art Rupe fúnra ẹ̀ ní, wọ́n sì ròyìn pé $50 ló fi gbà á. Nítorí náà, nígbà tí Elvis tún un kọ, tí Boone tún un kọ, ẹ mọ ibi tí èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà ń gbà lọ. Ẹ̀yin olórin tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìwé àdéhùn yín. Ẹ fi han lọ́yà.

Oṣù kẹwàá 1957, oṣù bíi méje lẹ́yìn tí àwo yìí jáde, Richard wà lórí ìrìnàjò eré ní Australia. Ó rí iná ńlá kan tó kọjá lójú ọ̀run. Àwọn ará Rọ́ṣíà ṣẹ̀ṣẹ̀ ju Sputnik sókè ni, ṣùgbọ́n ó ka iná náà sí àmì látọ̀run. Ó bọ́ òrùka olówó iyebíye ọwọ́ ẹ̀, ó jù wọ́n sómi. Ó ní ó tán, òun ń lọ sin Ọlọ́run. Ó lọ kọ́ Bíbélì ní Oakwood College ní Alabama. Ọmọ ọdún 24 ni!

Specialty ò dá iṣẹ́ dúró. Orin tó ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń yọ jáde díẹ̀díẹ̀. "Good Golly, Miss Molly" jáde ní 1958, ẹni tó kọ ọ́ ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì.

Ó padà sídìí rọ́ọ̀kì ní 1962. Lọ́dún yẹn, nítòsí Liverpool àti ní Hamburg, àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin kan tí wọ́n ń pè ní Beatles bá a ṣeré lórí ìtàgé kan náà. Paul McCartney kọ́ igbe ẹ̀. Ní 1966, nígbà tí Beatles ṣe eré ìta gbangba tí wọ́n tà tíkẹ́ẹ̀tì fún kẹ́yìn, ní San Francisco, orin tí wọ́n fi parí ni "Long Tall Sally".

Ní 1984, ó gbé Specialty àti àwọn tó ni ẹ̀tọ́ orin ẹ̀ lọ sí kóòtù, ó ń béèrè $112 mílíọ̀nù. Wọ́n yanjú ẹ̀ láìdé ìdájọ́ ní 1986. Ọdún yẹn kan náà ni Rock and Roll Hall of Fame gba àwọn èèyàn wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́, òun náà sì wà lára wọn. Ní 1988, wọ́n ní kó wá kéde olórin tuntun tó dára jù ní ibi ayẹyẹ Grammy. Ó ṣí páálí, ó ní òun ló gbà á. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó wá sọ ọ́ fún wọn pé ẹ ò fún mi ní ohunkóhun rí, èmi tí mo ti ń kọrin láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde dúró fún un. Ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún 2020 ló kú, ní Tennessee.

Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Cosimo ńkọ́? Ó di ilé ìfọṣọ.

Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ àwo yìí rí, kó má bẹ̀rẹ̀ látorí "Tutti Frutti", torí etí yín ti mọ̀ ọ́n látinú fíìmù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí "Slippin' and Slidin'". Ẹ gbọ́ ọwọ́ òsì ẹ̀ lórí dùùrù. Lẹ́yìn náà, ẹ bọ́ sórí "Ready Teddy", kí ẹ wá sọ fún mi lábẹ́ ibí èwo ló gba ọkàn yín. Ẹni tó bá sọ pé "Baby", a jọ máa sọ̀rọ̀.